Ooru Ẹnu Ààrò

Àtọ̀ ọkùnrin mìíràn ni mo kọ́kọ́ rí. Mi ò mọ ẹni tó ni ín, ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú iyàrá àyẹ̀wò náà kò sì sọ fún mi. Ó kàn ní kí n di ojú òsì, kí n gbé ojú ọ̀tún lé ẹnu máíkírósíkópù, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, kí n má sì fara ti tábìlì. Níbẹ̀rẹ̀, ìpéǹpéjú ara mi nìkan ni mò ń rí. Ó bá yí kinní ribiti kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò náà díẹ̀, ojú ibẹ̀ là, mo sì rí wọn.

Bí ẹ bá ti wo inú omi tó dágún lẹ́yìn òjò rí, ẹ ó ti rí légbénlègbé, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, bó ṣe máa ń fi ìrù ti ara rẹ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Orí róbótó, ìrù tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n ń kọlu ara wọn. Àwọn kan ń lọ tààrà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, àwọn mìíràn ń pòòyì lójú kan. Mo gbàgbé pé ilé ìwòsàn ni mo wà. Mo gbàgbé pé ìyàwó mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo ti ń po ìyẹ̀fun láti kékeré, mo sì rò pé mo mọ gbogbo ohun tó ń wú, tó ń mí, tó ń kan lábẹ́ ọwọ́ mi. N kò mọ̀ pé ayé kan tún wà lábẹ́ èyí tí mò ń rí. Láti ọjọ́ náà, kò sí omi tí mo rí tí n kò fẹ́ gbé sábẹ́ awò.

Ọkùnrin náà gbá mi léjìká. “Oníbúrẹ́dì, ó tó. Ẹ jẹ́ ká wo tiyín.”

Ó yọ gíláàsì pẹlẹbẹ ti àkọ́kọ́, ó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Mo tún di ojú òsì. Orí kan náà, ìrù kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n fọ́nká bí ìrẹsì tó dà sílẹ̀, kò sì sí èyí tó mira. Mo rò pé mo ti fara ti tábìlì ni.

“Wọn ò rìn,” ni mo wí.

“Mo ti rí i kí n tó pè yín. Gbogbo wọn ló ti kú.”

Ọdún tí wọ́n yí mọ́tò sí apá ọ̀tún ọ̀nà ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Òṣogbo ni ilé búrẹ́dì mi wà, bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Iléṣà ni ìyàwó mi ti wá. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, iṣẹ́ aṣọ rírán ló sì mú un wá sí àdúgbò wa. Ọdún kẹfà ìgbéyàwó wa nìyí, kò sì tíì lóyún rí. Ní agbo ilé wa, Ìyàwó la máa ń pe obìnrin tí wọ́n bá gbé wọlé, títí yóò fi bímọ, tí yóò wá di ìyá ẹnì kan. Ìyàwó mẹ́ta ló wọlé lẹ́yìn tirẹ̀, gbogbo wọn ló ti di ìyá ẹnì kan. Òun ṣì ni Ìyàwó. Àwọn ọmọdé tí wọ́n bí níṣojú rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀.

Òun ló dá ara rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà. Dókítà ibẹ̀, òyìnbó obìnrin tó ti pẹ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, yẹ̀ ẹ́ wò, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà bọ́ sínú ilé-ọmọ láti mọ̀ bóyá ó dí. Kò dí. Dókítà ní ohun tó kù ni àtọ̀ ọkọ. Ó fún un ní ìgò kékeré kan, ó ní kí n ṣe é sínú rẹ̀ láàárọ̀, kí a tètè gbé e wá, kí a má sì jẹ́ kó tutù.

Kí a má jẹ́ kó tutù. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbọ́ bí oníbúrẹ́dì ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí ọyẹ́ bá mú, ìyẹ̀fun tí mo bá pò kì í wú, àfi kí n bò ó ní àpò ìdọ̀họ, kí n gbé e sún mọ́ ààrò. Lójú tèmi, ohun tó bá fẹ́ wà láàyè, ooru ló ń fẹ́. Nítorí náà mo mú búrẹ́dì ńlá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, mo là á nínú, mo yọ díẹ̀ nínú fùkẹ̀fùkẹ̀ rẹ̀, mo tẹ́ ìgò náà síbẹ̀, mo fi èyí tí mo yọ dí i lórí, mo sì fi aṣọ wé gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn sí ọgbọ́n náà. Nínú mọ́tò, òórùn búrẹ́dì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Obìnrin tó jókòó tì wá ń yọ ọ́ wò.

“Ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, ẹ bá wa bù níbẹ̀ o. Òórùn yìí fẹ́ pa èèyàn.”

“Ẹ má bínú, aláìsàn la gbé e fún,” ìyàwó mi dáhùn, ó sì di agbọ̀n náà mú.

Nígbà tí a fi máa dé Iléṣà, búrẹ́dì náà ṣì ń gbóná lọ́wọ́. Mo rò pé mo ṣe é dáadáa.

“Inú kí lẹ ní ẹ gbé e sí?” ni ọkùnrin iyàrá àyẹ̀wò bi mí lẹ́yìn tí mo ti wo awò tán.

Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. “Ẹ sè é ni! Yéè, oníbúrẹ́dì, ẹ sè é jinná!” Ìgbà tó rí ojú mi ló dákẹ́. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì sọ̀rọ̀ fún mi bí ẹni ń kọ́ àbúrò rẹ̀ níṣẹ́. Ó ní ooru tó wà nínú ara èèyàn gan-an ti pọ̀ jù fún wọn. “Kí lẹ rò pé ó mú kí Ọlọ́run gbé kórópọ̀n ọkùnrin sí ìta ara? Ṣé fún ẹwà ni?”

Ó fún mi ní ìgò mìíràn, ó sì fi ilé ìyàgbẹ́ tó wà lẹ́yìn hàn mí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi mí bí mo ṣe ṣe é síbẹ̀. Mo ṣe é. Àwọn ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí kò kú tán. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n: gíláàsì kan wà tí wọ́n fa ìlà tín-ín-rín sí lára bí ojú àwọ̀n, wọn a ka àwọn tó wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan, wọn a sì ṣírò rẹ̀ sí sísì kan, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún ṣíbí tíì. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ pé yẹ kó ní ogún mílíọ̀nù nínú sísì kan, ó kéré tán. Tèmi jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta. Nínú mẹ́wàá, ẹyọ kan ló ń rìn.

Mo jókòó. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo sì bi í pé, “Ṣé ooru búrẹ́dì ló pa àwọn ti àárọ̀?”

“Ooru ni.”

“Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń dúró lẹ́nu ààrò.”

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bi mí bí ẹnu ààrò náà ṣe ga tó. Mo dìde, mo sì fi ọwọ́ hàn án: ó bẹ̀rẹ̀ láti itan, ó parí sí ìdodo. Ó lọ pe dókítà.

Dókítà kò ṣe ìlérí. Ó fi Yorùbá rẹ̀ tó lọ́ díẹ̀ sọ pé ó lè jẹ́ ooru, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ó ní àtọ̀ tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lónìí á tó oṣù méjì àbọ̀ kó tó gbó, nítorí náà kí n kúrò nídìí ààrò fún oṣù mẹ́ta, kí n tó padà wá.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi nínú mọ́tò bí a ṣe ń padà sí Òṣogbo.

“Ọdún mẹ́fà,” ó ní. “Mo ti mu ewé, mo ti mu egbò tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ti gbààwẹ̀ lórí òkè ní Ìkéjì-Arákejì tí òòyì fi ń kọ́ mi. Ìyá yín ti mú mi dé ibi tí mi ò lè sọ fún pásítọ̀ wa. Ṣé ààrò ni?”

“Wọ́n ní ó lè jẹ́ ààrò.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà nínú mọ́tò yíjú, àwọn náà ń rẹ́rìn-ín bá a, láìmọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà yí padà. Mo na ọwọ́ sí i.

“Ẹ má fọwọ́ kàn mí. Ẹ jẹ́ n sunkún mi tán.”

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ìyá mi nídìí ìkòkò aró. Iṣẹ́ aró ni ìyá mi ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ dúdú bí ẹ̀lú dé ìgúnpá, kì í sì í kúrò nídìí ìkòkò àfi bí ó bá fẹ́ kírun. Mo rò pé òtítọ́ ni yóò tú Ìyàwó sílẹ̀, mo sì sọ ọ́ láì fi nǹkan kan pa mọ́.

“Ìyá, èmi ni o. Kì í ṣe Ìyàwó. Èmi ni mi ò lè bímọ.”

“Ìwọ kẹ̀?” Ó gbé ọ̀pá aró sílẹ̀. “Ṣé kinní rẹ kò dìde ni?”

“Ó ń dìde, Ìyá.”

“Tó bá ń dìde, kí lo wá ń sọ?”

Mo ṣàlàyé. Mo sọ̀rọ̀ awò, mo sọ̀rọ̀ légbénlègbé, mo sọ̀rọ̀ ooru. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé sí i ni ojú rẹ̀ ń yí padà, títí tó fi pa àtẹ́wọ́ tó sì ká ọwọ́ lérí.

“Háà! Ó ti fún un jẹ. Ará Ìjẹ̀ṣà ti po nǹkan mọ́ ọbẹ̀ fún ọmọ mi! Ọkùnrin wo lorí rẹ̀ pé, tó máa fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yàgàn? Ẹ gbà mí o!”

Èyí ni mi ò rò tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo sọ kí wọ́n má bàa dá obìnrin náà lẹ́bi, òun gan-an ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Gbogbo agbo ilé wá gbà pé ìyàwó mi ti fi oògùn dè mí, àwọn bàbá agbo ilé sì jókòó lé e lórí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Nígbà tí wọ́n máa dìde, wọ́n ti pinnu: ọmọbìnrin kan wà ní Ìkìrun, lọ́dọ̀ ìbátan ìyá mi, wọn yóò gbé e wá fún mi lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n ní wọn ò lé Ìyàwó. Kó jókòó, bí ojú rẹ̀ bá gbà á.

“Ojú mi ò ní gbà á,” ìyàwó mi wí fún mi nígbà tó gbọ́. “Bí wọ́n bá máa gbé e wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Iléṣà ni ẹ ó ti bá mi lọ́jọ́ Ajé.”

Iléyá ku oṣù mẹ́jọ. Ohun tí mo ní nìyẹn.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan tí a ń pè ní Bàbá Ìbejì, tó ń gé igi fún wa, ni mo fi sí ẹnu ààrò. Mo sọ ewu tó wà níbẹ̀ fún un, mi ò fi pa mọ́. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. “Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo bí,” ó ní. “Ìyá wọn sì ń wò mí lójú báyìí bí ẹni tó fẹ́ ìkẹwàá. Ẹ jẹ́ n dúró síbẹ̀ dáadáa. Ẹ tún iná dá sí i!”

Síbẹ̀ mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mọ bí ooru náà ṣe pọ̀ tó. Mo ra tẹmómítà tí wọ́n fi ń wọn ibà, mo so ó mọ́ igi, mo na án sí ẹnu ààrò, ó sì bẹ́ yányán. Ọ̀rẹ́ mi ọkùnrin iyàrá àyẹ̀wò ló yá mi ní irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé gíga ń lò. Ní ibi tí ìsàlẹ̀ ikùn mi máa ń wà, ó lé ní àádọ́ta dígírì. Ooru ara èèyàn kò pé méjìdínlógójì. Mo ní kí àwọn alágbẹ̀dẹ gé páànù ṣe ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì sí i, mo ní kí kápẹ́ńtà fi gígùn apá kan kún pátákó tí a fi ń ti búrẹ́dì wọlé, mo sì fi ẹfun sàmì sílẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí ẹni tó ń yan búrẹ́dì gbọ́dọ̀ dúró. Ní ojú àmì náà, ooru já sí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Búrẹ́dì kò sì yàtọ̀.

Mo ra ìwé nípa ara èèyàn tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, mo sì ń fi atúmọ̀ èdè kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ju ṣòkòtò tó fún mi sọnù, ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ ni mò ń wọ̀ kiri, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ń bi mí bóyá mo fẹ́ fò ni. Mo ń wẹ omi tútù. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń gbé búrẹ́dì lọ sí Iléṣà fún ọkùnrin náà, òun náà a sì jẹ́ kí n jókòó ti awò bí iṣẹ́ bá ti dín. Mo wo omi odò Ọ̀ṣun. Mo wo ẹmu tí mo fi ń mú ìyẹ̀fun wú, mo rí àwọn ohun róbótóróbótó tó ń hù jáde lára ara wọn, mo sì mọ̀ nígbà náà pé àwọn yẹn ló ń fẹ́ ooru, pé nǹkan tó dára fún wọn ni mo lọ fi sun ti ara mi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ mo tún ṣe àyẹ̀wò. Èmi gan-an ni mo kà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà, mo sì ní kí ọkùnrin náà bá mi kà á, nítorí mo rò pé ojú mi ni kò gún. Mílíọ̀nù méjì. Ó ti dín.

“Ṣé ara yín gbóná láìpẹ́ yìí?” ó bi mí.

Ibà ti dá mi dùbúlẹ̀ ní oṣù kejì ṣáájú ìgbà náà, fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ó mi orí. Ó ní ààrò kan náà ni, pé inú ara ni eléyìí wà. Gbogbo ohun tí mo ṣe, ìlẹ̀kùn páànù, ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀, omi tútù, ẹ̀fọn kan ti fi ẹnu ba á jẹ́. Mo ní láti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Iléyá kò sì ní dúró dè mí.

Mi ò sọ iye náà fún ìyàwó mi. Ó wo ojú mi nìkan, kò sì bi mí. Láti ọ̀sẹ̀ náà ni ẹrù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín nínú ilé. Àpótí aṣọ kọ́kọ́ lọ. Ó ní ìyá òun fẹ́ yá àwọn kan lò. Ìkòkò méjì tẹ̀ lé e. Bíbélì rẹ̀ tó máa ń wà lórí fèrèsé náà lọ. Mo ń rí i, mo ń ṣe bí ẹni tí kò rí. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ti bo gbogbo ìlú, mo bá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fi aṣọ dì í, ó ń retí mọ́tò. Ẹ̀rọ yẹn ló gbé wá sílé mi.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù,” ni mo wí.

“Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ n fẹsẹ̀ ara mi lọ. Bí wọ́n bá ń lù, tí wọ́n ń jó wọ ilé yìí, tí mo sì jókòó nínú yàrá tí mò ń gbọ́ ọ, ẹ ó wulẹ̀ sìnkú mi ni.”

Kò sunkún. Bí ó bá sunkún ni, ì bá sàn fún mi. Nígbà tí mọ́tò dé, ó bá ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi nídìí aró, nínú ẹrẹ̀. “Ìyá, ẹ bá mi dé Iléṣà lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ fi ojú ara yín wò ó. Bí a bá dé tí ẹ bá ṣì fẹ́ ọmọ Ìkìrun, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé.”

“Dìde nílẹ̀,” ó ní. “Aṣọ rẹ ń bàjẹ́.”

Ìyá mi kò tíì wọ mọ́tò láti ìgbà tí wọ́n ti yí ọ̀nà padà. Bí a ṣe kúrò ní gáréèjì ló bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: “Dẹ́rẹ́bà! Apá ibo lò ń gbà yìí? Ṣé o fẹ́ pa wá ni?” Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mò ń rò pé bí kò bá rí nǹkan kan nínú awò náà, ó tán.

Ọ̀rẹ́ mi ti ń dúró dè wá. Ó kí ìyá mi dáadáa, ó fi àga sí ìdí tábìlì. Ìyá mi tú gèlè rẹ̀, ó gbé e sórí itan, ó sì tẹ orí sórí awò.

“Irun ojú mi ni mò ń rí.”

“Ẹ ní sùúrù, Ìyá. Ẹ má fọwọ́ tì í.” Ó yí kinní náà.

“Yéè!” Ìyá mi fà sẹ́yìn, ó tún tẹ̀ síwájú. “Wọ́n ń rìn! Ẹ wò wọ́n, wọ́n ń sáré! Ti ta ni èyí?”

“Ti ẹlòmíràn ni, Ìyá. Mi ò lè sọ ẹni náà.”

“Ọlọ́run á bá a dá wọn sí o.”

Ó wá ki tèmi bọ̀ ọ́, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe níbẹ̀ láàárọ̀ náà. Mo ti kà á kí ìyá mi tó wọlé: mílíọ̀nù márùn-ún, nínú mẹ́wàá, méjì ló ń rìn. Fún èmi, ó ti gòkè. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò mọ iye. Ó kàn ń wò ó. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

“Àwọn tó dúró sójú kan yìí ńkọ́?”

“Wọ́n ti kú ni, Ìyá.”

“Gbé ti àkọ́kọ́ wá.”

Ó wo ti àkọ́kọ́. Ó ní kí wọ́n dá tèmi padà. Ó wò ó. Ó tún bèèrè ti àkọ́kọ́. Mo ti rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré mi, láàárín ìkòkò méjì, tí á ti ìka bọ ọ̀kan, á tọ́ ọ wò, á tún ti ìka bọ èkejì, ojú rẹ̀ á le koko, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé orí kúrò lórí awò.

“Aró ló kú,” ó ní.

“Kí lẹ wí, Ìyá?” ọ̀rẹ́ mi bèèrè.

“Mo ní aró yìí ti kú. Bí mo bá ri aṣọ, tó bá jáde ní funfun, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í na aṣọ. Ìkòkò ni mo máa lọ wò.” Ó yíjú sí mi, ọwọ́ rẹ̀ dúdú wà lórí gèlè. “Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń na aṣọ.”

A padà délé. Kò yà sí ọ̀dọ̀ ìkòkò rẹ̀, ilé búrẹ́dì ló gbà lọ. Bàbá Ìbejì ń kó búrẹ́dì jáde. Ìyá mi ní kó ṣí ìlẹ̀kùn páànù náà sílẹ̀, ó lọ dúró níwájú gan-an, kì í ṣe ibi tí mo sàmì sí, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ sí ooru náà, ní ọ̀gangan ikùn. Ó fi í síbẹ̀ títí kò fi lè fi í síbẹ̀ mọ́.

“Ìgbà tí bàbá rẹ mọ ààrò yìí,” ó ní, “o ti ń rìn.”

Mo mọ ohun tó ń rò kó tó sọ ọ́. Bàbá mi kò ní ọmọ lẹ́yìn mi. Ó fẹ́ ìyàwó kejì, ará Ẹdẹ, tó lo ọdún mẹ́rin nílé wa láìlóyún, tí ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Mo rántí obìnrin náà díẹ̀. Ó máa ń fi ìyẹ̀fun tí a ti pò ṣe ẹyin fún mi láti fi ṣeré.

“Orin ni mo fi lé e jáde,” ìyá mi wí. “Gbogbo òwúrọ̀, bí mo bá ti ń gbálẹ̀, mo máa ń kọ ọ́.”

Mo sọ fún un pé kò sí ẹ̀rí. N kò gbé àtọ̀ bàbá mi sábẹ́ awò, bàbá mi sì ti kú, n kò lè sọ ohun tí mi ò kà. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́ mi. Ó ṣì ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀la rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lọ sí Ìkìrun, ó sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn ẹbí ọmọbìnrin náà. N kò mọ ohun tó sọ. Láti ibẹ̀ ó gba Iléṣà lọ, nínú mọ́tò tó ń bà á lẹ́rù. Ìyàwó mi ló ròyìn ìyókù fún mi. Ó ní òun ń gbálẹ̀ níwájú ilé bàbá òun nígbà tí òun rí ìyá mi tó ń bọ̀, tó ru ìdì àdìrẹ lórí. Kò tọrọ àforíjì. Ó sọ ẹrù náà sílẹ̀, ó jókòó lé e, ó sì ní, “Ìyàwó, aṣọ wọ̀nyí ń fẹ́ ẹni tí yóò rán wọn, ẹ̀rọ ò sì sí nílé. Níbo lo gbé ẹ̀rọ wa sí?”

Nígbà tí wọ́n fi máa dé Òṣogbo, ìyá mi ló jókòó síwájú mọ́tò, ẹ̀rọ ìránṣọ lórí itan rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

A jẹ Iléyá ọdún náà láìsí àlejò kankan láti Ìkìrun.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Owó ti di náírà, iye búrẹ́dì ti yí padà, Bàbá Ìbejì ti bí ìkẹwàá, ó sì ń bú ìlẹ̀kùn páànù mi kiri àdúgbò. Wọ́n ṣì ń pe ìyàwó mi ní Ìyàwó. Lẹ́ẹ̀mejì ni oṣù rẹ̀ ti pẹ́, tí a ò sọ̀rọ̀ nínú ilé, tí a ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn nínú yàrá, tí ó sì wá dé. Ìgbà kejì, ìyá mi ló fọ aṣọ náà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìyàwó mi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Dókítà sọ fún wa pé a ò ní àkókò láti fi ṣòfò, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí a tún lè ṣe. Mo ń lọ sí Iléṣà lóṣooṣù. Mo ń sùn nínú nẹ́ẹ̀tì nítorí ẹ̀fọn. Mo ń kà, mo ń tún un kà.

Ní Àbámẹ́ta tó kọjá, mo gbé tèmi sábẹ́ awò, mo di ojú òsì. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi, ọwọ́ rẹ̀ lórí àga, ìyá mi sì wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń retí ohun tí mo máa sọ. Ó yẹ kó jẹ́ ogún mílíọ̀nù, ó kéré tán. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mílíọ̀nù méjìdínlógún, nínú mẹ́wàá, mẹ́rin ń rìn.